Ẹsẹ̀ Tó Wú Lóru

Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá dédé wú lóru, tí kò gbá a mọ́ nǹkankan, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ní agbègbè wa yìí ni pé, "Ó ti tẹ nǹkan." Bí ó bá jẹ́ orúnkún ni, wọ́n á ní ọfà ni. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo oríkèé ló ń ro ẹni náà láàárọ̀, wọ́n á ní làkúrègbé ni, wọ́n á sì júwe ibi tí ìyá alágbo ń jókòó sí fún un. Ní Ọ̀bà-Ilé níbí, láti ìgbà tí ilé ti ń pọ̀ sí i ní ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, tí àwọn ará Àkúrẹ́ sì ń ṣí wá bá wa, àwọn tó ń gbé oríkèé wíwú wá fún àdúrà ń pọ̀ sí i ni. A ń gbàdúrà fún wọn, a kò sì ní dẹ́kun. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí a ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí a sì ń bi àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa léèrè. Ohun tí a rí kọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí a dákẹ́ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. A ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í mutí, kì í mu sìgá. Nígbà àwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó pinnu láti gba ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu. Ní òru ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago méjì, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló jí i. Ó ní bí ìgbà tí wọ́n kì í bọ iná ni. Aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àtàǹpàkò náà ti pọ́n, ó ń dán, ó sì gbóná bí ìkòkò orí iná.

Ìjà kan sì ti wà nílẹ̀. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ti dolóògbé ń gbé nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń fa ilẹ̀ ẹbí kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fi owó ńlá rà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, obìnrin náà gba iwájú ilé bàbá kọjá lọ fa omi. Ẹ̀rí tí wọ́n ní kò ju èyí lọ, ṣùgbọ́n kí ó tó di aago méje àárọ̀, gbogbo ilé ti dá ẹjọ́ náà. Ọmọkùnrin bàbá ti àgádágodo mọ́ kànga tí ilé méjèèjì ń lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bá wa pé kí a gbàdúrà kí ohun tí obìnrin náà rán padà sọ́dọ̀ rẹ̀. A ní kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́ ná. Inú wọn kò dùn sí wa.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ bàbá obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì dé láti ìlú Oǹdó. Ó wo ẹsẹ̀ náà, kò sì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó kọjá níwájú ilé rárá. Ìbéèrè méjì ló bi bàbá rẹ̀: "Oògùn wo ni ẹ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru yín?" àti "Ìgbà wo ni ẹ mu omi gbẹ̀yìn?" Ó gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Àìsàn náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní gout, láti inú ara ẹni ni ó sì ti ń wá. Gẹ́gẹ́ bí eérú ti ń ṣẹ́kù nínú ààrò lẹ́yìn tí igi bá jó tán, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ń ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ara bá lo oúnjẹ tán, àti nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó bá tú ká. Ọ̀kan nínú ìdọ̀tí wọ̀nyí ni uric acid. Kíndìnrín ló ń kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtọ̀, ìfun ló ń kó ìyókù. Ajá àti ewúrẹ́ ní èròjà kan lára tó ń fọ́ uric acid sí ohun tó rọrùn láti tọ̀ dànù. Àwa ènìyàn kò ní in. Nítorí náà, bí ó bá pọ̀ kọjá 6.8 mg/dL, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ sórí ìwé àyẹ̀wò, agbára káká ni yóò fi lè máa yòrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ti rí iyọ̀ tí a dà jù sínú omi tútù rí. Ìsàlẹ̀ ni yóò ṣù sí. Ẹsẹ̀ ló jìnnà jù sí ọkàn, òun ló sì tutù jù lára, ibẹ̀ sì ni uric acid sábà máa ń ṣù sí, ní ìrísí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Dókítà ará London kan, Alfred Garrod, ló fi hàn ní 1848 pé uric acid pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní gout. Ní 1961, McCarty àti Hollander ní Amẹ́ríkà fi maikirosíkóòpù wo omi inú oríkèé àwọn aláìsàn, wọ́n sì rí àwọn abẹ́rẹ́ náà kedere.

Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí lè jókòó sínú oríkèé fún ọdún púpọ̀ láìfọhùn. Ìjà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ bá rí wọn bí àlejò tí wọ́n sì gbé wọn mì. Ní 2006, Jürg Tschopp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland ṣàlàyé bí ó ti ń ṣẹlẹ̀: abẹ́rẹ́ náà a tẹ agogo kan nínú ọmọ-ogun tó gbé e mì, òun náà a sì tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní interleukin-1. Èròjà yìí ló ń pe ẹ̀jẹ̀ àti ọmọ-ogun mìíràn wá sí ojú ibẹ̀, òun ló ń fa pípọ́n, gbígbóná àti wíwú. Kò sì dúró nínú àtàǹpàkò nìkan. Ìròyìn rẹ̀ a máa dé ọpọlọ: ibà a dé, oúnjẹ kò ní wù ú jẹ, ọkàn rẹ̀ a rẹ̀wẹ̀sì, a sì máa kanra mọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ fi ẹni tó wà nírú ipò yẹn sídìí ẹjọ́ ilẹ̀, kí ẹ wo ohun tí yóò sọ jáde lẹ́nu.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìgbà àwẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló gbà pé nítorí àdúrà ni ọ̀tá fi gbéjà dìde. Àlàyé rẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mu omi, ìtọ̀ rẹ̀ yóò dínkù. Bí kò bá sì jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọ̀rá tó ti kó pamọ́, ìdọ̀tí ọ̀rá yẹn yóò sì máa bá uric acid du ọ̀nà àbájáde kan náà nínú kíndìnrín. Uric acid á wá kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ti bàbá tún wá burú sí i, nítorí pé irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀ ni wọ́n fún un, oògùn yìí náà a sì máa mú kí kíndìnrín di uric acid mú. Dókítà pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ohun tí a kọ yìí fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ sílẹ̀. Dókítà nìkan ló lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ti òru tó fi ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ ti wọlé, òun ló sì yà wá lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí a kà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, wọ́n ní kí olúkúlùkù wọn kọ wákàtí tí gout bẹ̀rẹ̀ sí í jà á sílẹ̀. Láti ọ̀gànjọ́ òru sí aago mẹ́jọ àárọ̀, ewu rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ọ̀sán lọ. Lára ohun tí wọ́n rò pé ó fà á ni pé omi ara ń dínkù bí a bá sùn, ẹsẹ̀ a sì túbọ̀ tutù. Ohun kẹta ni cortisol.

Ọpọlọ ló ń pàṣẹ cortisol. Àpò kékeré kan jókòó lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ènìyàn dé fìlà. Ọpọlọ a ránṣẹ́ sí wọn nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn náà a sì tú cortisol jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú rẹ̀ ni láti máa pẹ̀tù sí wíwú inú ara, bí àgbà tó ń pa ìjà. Ní àárọ̀ kùtù ló máa ń pọ̀ jù. Ní ọ̀gànjọ́ òru ló máa ń kéré jù. Ní àkókò tí àgbà náà bá ń tòògbé ni àwọn oníjà máa ń rí àyè. Èyí tó jẹ́ pé a ń pe wákàtí wọ̀nyẹn ní àkókò àwọn ayé, ìṣírò ọpọlọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí a ṣe dé ìdí agbára cortisol tún jẹ́ ìtàn dídùn. Philip Hench, dókítà kan ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, ti ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin kan tí oríkèé wọn ń wú a máa gbádùn bí wọ́n bá lóyún. Ó ronú pé ara fúnra rẹ̀ ní oògùn kan tó ń tú jáde. Ní September 1948, wọ́n fún obìnrin kan tí kò lè rìn dáadáa mọ́ ní abẹ́rẹ́ cortisone, tó bá cortisol tan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti ń rìn. Ní 1950, Hench àti àwọn méjì mìíràn, Kendall àti Reichstein, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀.

Ẹ̀bùn yẹn kan náà ló ti di ìdẹkùn lọ́dọ̀ wa. Dexamethasone àti prednisolone, tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì bí ẹni ta bisikíìtì, ọmọ cortisone ni wọ́n. Àwọn kan a máa fi wọ́n sínú "abẹ́rẹ́ làkúrègbé". Àwọn mìíràn a lọ̀ wọ́n mọ́ àgúnmu. Ẹni tó bá lò ó á dìde ní ọjọ́ kejì, á sì máa jẹ́rìí sí oògùn náà káàkiri. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú rẹ̀ á yí roboto, wọ́n á ní ó ti sanra, bẹ́ẹ̀ sì ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ ń gòkè, tí eegun rẹ̀ ń jẹrà. Èyí tó burú jù ni pé, nígbà tí ọpọlọ bá rí i pé cortisol ń wọlé láti ìta, kò ní ránṣẹ́ mọ́. Bí ẹni náà bá wá dá oògùn náà dúró lójijì, kò ní sí ti ìta, kò ní sí ti inú. Ó lè dákú, ó sì lè kú. Àwọn dókítà máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni.

A lè máa wí pé kí ni ọpọlọ ní í ṣe pẹ̀lú orúnkún. Ní 1962, dókítà méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thompson àti Bywaters, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn kan tí rọpárọsẹ̀ ti kọ́kọ́ mú apá kan ara wọn kí làkúrègbé líle tó wá bá wọn. Oríkèé apá tó yá ni ó wú. Apá tó ti rọ, tí ọpọlọ kò darí dáadáa mọ́, làkúrègbé kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ sí apá méjèèjì. Nígbà tó yá, Kevin Tracey ní ìpínlẹ̀ New York fi hàn pé iṣan gígùn kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọpọlọ gba ọrùn lọ sí ikùn, tí wọ́n ń pè ní vagus, lè fi èròjà acetylcholine pàṣẹ fún àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n rọra. Ní 2025, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ sí ọrùn láti máa ta iṣan yìí jí, fún àwọn tí irú làkúrègbé yẹn ń bá jà, tí oògùn kò tó fún.

Gbogbo èyí mú wa padà sí ọ̀rọ̀ ìjà. Bí ènìyàn bá bínú fún wákàtí kan, cortisol á gòkè, á sì padà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdààmú bá pẹ́ fún oṣù àti ọdún, tí oorun kò kún ojú, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ etí ikún sí cortisol. Àgbà ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Wíwú tó yẹ kó lọ sílẹ̀ kíá á wá máa pẹ́, ìrora náà á sì le sí i. A kò sọ pé ìjà nìkan lè fa gout. Uric acid gbọdọ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ó dá wa lójú pé ìjà ilẹ̀ bàbá yìí kó tirẹ̀ sí ìrora náà, ṣùgbọ́n obìnrin tó lọ fa omi kọ́ ló gbé e lọ síbẹ̀. A sọ èyí fún bàbá lójú ọmọ rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó ní kí wọ́n ṣí kànga. Ẹjọ́ ilẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹbí, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè parí ìyẹn, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń fa omi.

Àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí Ọba Asa, tí àrùn mú ní ẹsẹ̀ ní ọdún kọkàndínlógójì ìjọba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló tilẹ̀ ti rò pé gout ni. Ẹ tún Kíróníkà Kejì kà dáadáa. Ohun tí ìwé náà kà sí i lọ́rùn ni pé kò wá Olúwa nínú àìsàn náà. Kò sọ pé èèwọ̀ ni kí ènìyàn rí oníṣègùn.

Ní ti oúnjẹ, a mọ̀ pé inú àwọn ará wa kò ní dùn sí wa. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ẹran pupa, ẹran ìgbẹ́, sàdínnì àti edé, gbogbo wọn ló ń fi kún uric acid. Bíà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ yín á ní, "Àwa kì í mu bíà." Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mínírà tí à ń mu ní ìgò méjì-mẹ́ta níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, ṣúgà inú rẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà. Ẹ̀wà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkankan, ẹ máa jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn kò tíì dúró ní ààbò díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ààbò yẹn a dínkù.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ìrora pẹ̀lú. Àwọn oògùn wíwú tí à ń rà láìsí ìwé dókítà lè ba kíndìnrín jẹ́ bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, kíndìnrín tó bàjẹ́ kò sì ní lè kó uric acid jáde. Ìyẹn ni pé a ń fi ọwọ́ ara wa gbin ìrora ti ọdún tó ń bọ̀. Aspirin díẹ̀díẹ̀ pàápàá a máa dá uric acid dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Aspirin sì wà nínú Alábùkún, tí olóògbé Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918, tí àwọn bàbá wa fi ń pa orí fífọ́. Oògùn orí fífọ́ ni, kì í ṣe ti àtàǹpàkò. Ẹni tí dókítà bá sì fún ní aspirin nítorí ọkàn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Oògùn tó ń dín uric acid kù wà: allopurinol, tí Gertrude Elion àti George Hitchings ṣe, tí wọ́n sì ti ń lò láti 1966. Kì í ṣe ohun tí à ń dá rà, nítorí àwọn kan wà tí kò bá ara wọn mu rárá.

Gbogbo oríkèé tó ń dunni kọ́ ni gout o. Orúnkún àgbàlagbà tí kerekere rẹ̀ ti jẹ, ìbàdí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìka ọwọ́ méjèèjì tó ń le gan-an láàárọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú wọn. Oríkèé kan ṣoṣo tó bá wú pẹ̀lú ibà líle, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la. Kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀.

Fún àwẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó bá ti ní gout rí tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá, kí ó mu omi dáadáa, kí ó sì kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn UNIMED ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, àti ìgò àgbo náà pẹ̀lú, ẹ má ṣe tijú. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń wú, tí wọ́n sì ní uric acid kò pọ̀, ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ tẹ nǹkan. Ó máa ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ìrora bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kọjá lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti fà, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò.